Apá Ọ̀tún Ọkọ̀: Níbo Ni Ó Yẹ Kí A Ti Polówó Ọjà Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá nínú ìtẹ̀jáde yìí kò jìnnà sí àdúrà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbà ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, pé kí Olúwa jẹ́ kí ọjà tà. Àdúrà náà dára, a kò sì ní dẹ́kun láti máa gbà á. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń gbàdúrà fún òjò gbọ́dọ̀ ti kọ ebè rẹ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oníṣòwò tó ń gbàdúrà fún oníbàárà ṣe gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà, kí ó sì pè wọ́n níbẹ̀.

Ìwé Jòhánù orí 21 sọ ìtàn àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tó fi gbogbo òru pẹja láìrí ẹyọ kan mú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí Jésù dúró létí òkun, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà nínú rẹ̀, omi kan náà ni, àwọ̀n kan náà ni. Apá ibi tí wọn yóò ju àwọ̀n sí ni ó sọ fún wọn. Wọ́n gbọ́ràn, ẹja sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí agbára wọn kò fi ká àwọ̀n náà mọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò nínú ìjọ lónìí ni ó ní ọjà rere lọ́wọ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n tí ó ń ju àwọ̀n sí apá ibi tí kò sí ẹja.

Nígbà Tí Ilé Iṣẹ́ Ti Ilẹ̀kùn

Ẹni tó bá mọ agbègbè Ìkẹjà àti Agége dáadáa yóò mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1967, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ni Ìkẹjà wà, ìjọba ibẹ̀ ló sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Vitafoam bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962, ó sì wà ní òpópónà Ọba Akran títí di òní. Cadbury wà ní Agídíngbì. Dunlop ń ṣe táyà ní Ìkẹjà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ti Agége, Ògbà, Ìjú àti Ìfàkò wọlé lárààárọ̀, owó oṣù sì ni wọ́n fi ń san owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ.

Ní ọdún 2008 ni Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró níbẹ̀, nítorí owó iná àti epo tó ga ju ohun tí ilé iṣẹ́ lè gbé lọ, àti nítorí táyà tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun. Ilé iṣẹ́ yẹn nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ baálé ilé tó ti ń gbọ́kàn lé owó oṣù ní láti wá nǹkan ṣe. Ọ̀pọ̀ ìyá ni ó di aláṣekún: ẹni tó ń po ọṣẹ, ẹni tó ń yan búrẹ́dì, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń ta ike àti láílọ́ọ̀nù.

Irú àwọn ìdílé báyìí ni ẹnìkan máa ń wá bá, tí yóò sì sọ pé, “Ẹ gbé e sórí ayélujára, ọjà yóò tà.” Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n kò pé. Orí èwo nínú ayélujára? Ẹni tí kò mọ̀ yóò ṣí ìkànnì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò ra dátà, yóò san owó ìpolówó, yóò máa jí ní òru láti gbé àwòrán sókè. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, owó tí ó yẹ kí ó fi san owó ilé ìwé ti lọ, àwọn tó sì bá a tẹ àmì “mo fẹ́ràn rẹ̀” pọ̀ bí eṣú, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ra ọjà. Ìjà bẹ̀rẹ̀ láàárín ọkọ àti aya. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà yẹ ní ohun tí a ń jíròrò nínú ilé Ọlọ́run.

Ìpolówó Kì Í Ṣe Ohun Tuntun

Àwọn baba wa ló sọ pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Wọ́n sì mọ bí a ti ń lo àgúnmu náà. Ẹlẹ́kọ kì í kiri lọ́sàn-án gangan. Àárọ̀ kùtùkùtù ni, nítorí ìgbà yẹn ni àwọn ènìyàn ń wá ohun tí wọn yóò fi panu. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní Agége mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ àti ẹ̀bá ojú irin ni èrò máa ń wà. Kò sí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì lọ sí itẹ́ òkú. Ọgbọ́n kan náà ni ayélujára ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ibi ìkiri ló yí padà, òwò kò yí padà.

Ẹ wo bí ọ̀nà ìpolongo ti ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ìjọ CMS, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní èdè Yorùbá. Ní ọdún 1959 ni tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Radio Lagos bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977, tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1980, Agídíngbì ní Ìkẹjà níbẹ̀ ni àwọn méjèèjì wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù. Facebook bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, WhatsApp ní 2009, Instagram ní 2010. Nínú gbogbo èyí, ẹni tó jèrè ni ẹni tó kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ni yóò gbọ́ mi níbẹ̀?”

Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16 sọ̀rọ̀ nípa Lídíà, obìnrin oníṣòwò láti Tíátírà, tó ń ta aṣọ elésè-àlùkò ní ìlú Fílípì. Aṣọ olówó iyebíye ni aṣọ náà, kì í ṣe aṣọ tí gbogbo ènìyàn lè rà. Fílípì sì jẹ́ ìlú tí àwọn ará Róòmù fìdí kalẹ̀ sí. Bíbélì kò sọ ìdí tó fi gbé ọjà rẹ̀ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n a rí i pé ibi tí àwọn tó lè ra irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà ni ó ti ń tà á.

Ìbéèrè Mẹ́rin Tó Ṣáájú

Kí ẹ tó ṣí ìkànnì kankan, ẹ jókòó pẹ̀lú ìwé àti kálàmù, kí ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí.

Èkíní: Ta ni ó ń ra ọjà wa? Ẹ má ṣe dáhùn pé gbogbo ènìyàn ni. Ẹ rántí àwọn ẹni mẹ́wàá tó rà lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Ṣé ìyá ilé ni, àbí ọ̀dọ́? Ṣé ẹni tó ń rà á jẹ ni, àbí ẹni tó ń rà á lọ́pọ̀ láti tún un tà? Ṣé ará àdúgbò ni, àbí ilé iṣẹ́?

Èkejì: Níbo ni ẹni náà máa ń wà nígbà tó bá mú fóònù dání? Ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá ń ra ọjà lọ́wọ́ yín kò ní bínú bí ẹ bá bi í pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ìkànnì wo lẹ máa ń wò jù?”

Ẹ̀kẹta: Kí ni ó ń mú kí ènìyàn ra irú ọjà yìí? Àwọn ọjà kan wà tí ojú ni a fi ń rà wọ́n, bí aṣọ, bàtà àti kéèkì. Àwọn kan wà tí àlàyé ni a fi ń rà wọ́n, bí ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àtúnṣe. Àwọn kan sì wà tí ìgbẹ́kẹ̀lé ni a fi ń rà wọ́n, bí oúnjẹ àti ìtọ́jú ọmọ.

Ẹ̀kẹrin: Mélòó ni agbára wa gbé? Ìkànnì dà bí ọgbà. Ẹni tó bá dá a tí kò ro ó, igbó ni yóò dà. Ẹni tí ó ń dá nìkan ṣiṣẹ́, tí iná mànàmáná kì í dúró ní àdúgbò rẹ̀, kò lè bójú tó ìkànnì márùn-ún. Ẹyọ kan tàbí méjì tí ẹ̀ ń bójú tó dáadáa sàn ju mẹ́fà tó ti gbófo lọ.

Ẹ Jẹ́ Kí A Yẹ Wọ́n Wò Lọ́kọ̀ọ̀kan

WhatsApp. Èyí ni ó súnmọ́ wa jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tí kì í lò ó. Ní ọdún 2018 ni wọ́n gbé WhatsApp Business jáde fún àwọn oníṣòwò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ lè to àwòrán ọjà àti iye owó rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni to ọjà sórí àtẹ, ó sì lè bá yín dáhùn nígbà tí ẹ kò bá sí nítòsí. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí ẹ bá gbé sí Status, wákàtí 24 ni yóò lò, ẹni tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀ tí òun náà sì ti fi nọ́ńbà yín pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ló sì lè rí i. Bákan náà ni ìránṣẹ́ tí a ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, tí kò ju 256 lọ. Ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ kò ní rí i gbà. Nítorí náà, WhatsApp dára láti tọ́jú oníbàárà tí a ti ní, kò dára tó láti wá àjèjì. Nígbà tí ẹ bá ti ta ọjà fún ẹnìkan, ẹ sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi nọ́ńbà wa pamọ́.” Gbólóhùn kan yẹn níye lórí ju ọ̀pọ̀ owó ìpolówó lọ.

Facebook. Àgbà àti ọmọdé wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ àwọn tó jọ jáde ilé ìwé àti ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sì pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ san owó ìpolówó, ẹ lè yan pé àwọn tó wà ní Ìkẹjà àti Agége nìkan ni kí ó rí i, kí ẹ sì yan ọjọ́ orí wọn. Ẹ má ṣe gbàgbé pé láti oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ti ń fi owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú 100, kún owó ìpolówó náà.

Instagram. Ojú ni wọ́n fi ń jẹun níbẹ̀. Aránṣọ, aṣerunlóge, ẹni tó ń ṣe kéèkì, ẹni tó ń ta bàtà, ibẹ̀ ló tọ́ sí wọn. Ẹni tó bá ń ta ìṣó àti bọ́ọ̀tì lè ya àwòrán títí, kò dájú pé yóò rí oníbàárà tó pọ̀ níbẹ̀.

TikTok. Fídíò kéékèèké ni tiwọn, ó sì máa ń gbé fídíò lọ sójú ẹni tí kò mọ̀ yín rí, bí ó bá jẹ́ irú ohun tí ẹni náà máa ń wò. Fífi hàn bí a ti ń po ìyẹ̀fun tàbí bí a ti ń tún bàtà ṣe lè fa àjèjì wá. Ṣùgbọ́n àjèjì náà lè wà ní Kánò tàbí ní Kẹ́ńyà. Bí búrẹ́dì gbígbóná ni ẹ̀ ń tà, kí ni yóò ṣe fún un?

YouTube. Ẹni tó ní ohun láti kọ́ ènìyàn ni ó wúlò fún. Fídíò tó dára lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí àwọn ènìyàn yóò sì máa wá a rí.

LinkedIn. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti àwọn tó ń ra ọjà fún ilé iṣẹ́ máa ń wà. Ìyá ẹlẹ́ja kò ní nǹkan í ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe páálí, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ṣe, tàbí ẹni tó ń gbé oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, lè rí iṣẹ́ ńlá gbà níbẹ̀.

Máàpù Google. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ka èyí sí ìkànnì, ṣùgbọ́n ó lè ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀fẹ́ ni láti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wá “ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ògbà” ti ṣe tán láti náwó. Ẹni tó ń wo àwòrán lásán kò tíì ṣe tán. Ẹ fi orúkọ, nọ́ńbà, àkókò tí ẹ ń ṣí àti àwòrán iwájú ṣọ́ọ̀bù sí i.

Ọjà Mẹ́ta, Ọ̀nà Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ mẹ́ta hàn bí a ti lè yan ọ̀nà.

Ká sọ pé arábìnrin kan ní ilé búrẹ́dì kékeré ní Agége. Ta ni oníbàárà rẹ̀? Àwọn tó ń gba búrẹ́dì lọ́pọ̀ láti kiri àti àwọn tó ní ìsọ̀ káàkiri àdúgbò ni. Àwọn wọ̀nyí kò wá àwòrán rírẹwà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni pé, “Ṣé búrẹ́dì ti jáde? Èló ni lónìí? Ṣé yóò kù tí mo bá dé?” WhatsApp ni tirẹ̀. Kí ó kó nọ́ńbà àwọn alágbàtà rẹ̀ jọ, kí ó sì máa ránṣẹ́ sí wọn ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ pé ààrò ti ṣí. Bí ó bá wá fẹ́ gba búrẹ́dì ọjọ́ ìbí tàbí ti àsè, nígbà náà ni Instagram lè wúlò fún un.

Ká sọ pé arákùnrin kan ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe ní Computer Village, ní òpópónà Òtìgbà ní Ìkẹjà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ohun tí oníbàárà ń bẹ̀rù ni pé kí wọ́n má yọ nǹkan rere inú fóònù òun, kí wọ́n má fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni ọjà tí arákùnrin yìí ń tà. Máàpù Google níbi tí àwọn tó ti bá ṣiṣẹ́ ti lè jẹ́rìí sí i, àti fídíò kúkúrú tó ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń dá bátìrì ayédèrú mọ̀, ni yóò ṣe é láǹfààní jù. Kí ó má sì gbàgbé láti sọ ọ̀nà: ọkọ̀ ojú irin Red Line tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024 ní ibùdókọ̀ ní Agége àti ní Ìkẹjà, ó yẹ kí àlejò mọ bí òun yóò ṣe ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ká sọ pé tọkọtaya kan ń ṣe láílọ́ọ̀nù ìdìjà nítòsí Ọba Akran. Oníbàárà wọn kò ju ogún lọ, ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú wọn lè ra ọjà tó pọ̀ ju ti igba mẹ̀kúnnù lọ. Bí àwọn wọ̀nyí bá ń jó lórí TikTok láti àárọ̀ dalẹ́, ẹni tó ń ra láílọ́ọ̀nù fún ilé iṣẹ́ omi kò ní rí wọn. LinkedIn, fóònù pípè, àti kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọn lọ kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní àyíká, ni ọ̀nà tiwọn.

Akiri-Búrẹ́dì Tí Gbogbo Ayé Rí

Búrẹ́dì Agége ti pẹ́ ní orúkọ. Lára àwọn tó mú kí búrẹ́dì tàn kálẹ̀ ní Èkó ní àwọn ọdún 1920 ni Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ ojú irin níhìn-ín ní ọdún 1913. Lónìí, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá ń ra búrẹ́dì tí wọ́n fi orúkọ Agége pè.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, TY Bello, ayàwòrán tí ọ̀pọ̀ nínú wa tún mọ̀ sí akọrin ẹ̀mí, ń ya àwòrán olórin Tinie Tempah ní ìgboro Èkó. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan, Ọlájùmọ̀kẹ́ Òrìságúnà, tó ru búrẹ́dì Agége sórí, gba ibẹ̀ kọjá, ó sì bọ́ sínú àwòrán náà. Nígbà tí àwòrán náà jáde lórí ayélujára, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹni tí ó jẹ́. Wọ́n wá a rí, àwòrán rẹ̀ sì jáde ní iwájú ìwé ThisDay Style. Ìròyìn rẹ̀ kárí ayé. Ọlọ́run lè gbé ẹni gbogbo ga ní ìṣẹ́jú kan.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún oníṣòwò. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn ló rí búrẹ́dì orí rẹ̀. Ẹ wá bi ara yín: orúkọ ilé búrẹ́dì wo lẹ rántí? Òkìkí yàtọ̀ sí ọjà títà. Bí àwòrán ọjà yín bá dé ibi gbogbo tí kò sí orúkọ, nọ́ńbà, iye owó àti ibi tí a ti lè rà á lára rẹ̀, ẹ ti fi ọjà yín dá àwọn ènìyàn lára yá ni, ẹ kò tíì polówó rẹ̀.

Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ síbẹ̀ kúrò. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Oníṣòwò tó jẹ́ pé ibẹ̀ nìkan ló ti ń pe oníbàárà kò rí wọn pè bó ṣe yẹ fún ohun tó lé ní oṣù méje. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp dákẹ́ káàkiri ayé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, nítorí pé ilé iṣẹ́ kan ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Íńdíà ti TikTok pa ní ọdún 2020, kò sì sí ẹni tó bi àwọn oníṣòwò léèrè. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣe ségesège ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó fi kan iṣẹ́ àwọn bánkì wa.

Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́ ilé yín tán sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà yín sí, èyí tí ẹ lè fi pè wọ́n bí ayélujára bá dákẹ́. Ẹ má sì fi nọ́ńbà wọn fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 kò fàyè gbà á, ìfẹ́ ọmọnìkejì pàápàá kò sì fàyè gbà á.

Ẹ Ṣírò Owó Rẹ̀

Nínú Lúùkù 14:28, Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́, pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò bóyá owó òun yóò tó. Ẹ yan iye tí ẹ lè pàdánù láìjẹ́ pé ebi pa ọmọ, kí ẹ má sì kọjá rẹ̀. Ẹ má ṣe yá owó èlé láti fi polówó ọjà.

Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú ìkànnì kan fún oṣù mẹ́ta. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ra ọjà, ẹ bi í pé, “Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?” kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìparí oṣù, ẹ kà á. Bí ènìyàn 20 bá wá láti WhatsApp tí ẹni 2 wá láti ibi tí ẹ ti ń san owó ìpolówó, ìwé yín ti dá yín lóhùn. Ẹ má ka iye àwọn tó wo àwòrán. Iye àwọn tó rà á ni kí ẹ kà.

Ohun Tó Yẹ Onígbàgbọ́

Òwe 11:1 jẹ́ kí a mọ̀ pé Ọlọ́run kò fẹ́ràn òṣùwọ̀n ẹ̀tàn. Òṣùwọ̀n ẹ̀tàn wà lórí fóònù náà. Ẹni tó gbé àwòrán aṣọ ẹlòmíràn sókè pé òun ló rán an, òṣùwọ̀n ẹ̀tàn ló ń lò. Ẹni tó ra ọmọlẹ́yìn èké kí wọ́n lè rò pé òwò òun tóbi, irọ́ ló ń pa. Ẹ kọ iye owó ọjà síta kedere, kí ó má jẹ́ pé ojú ẹni ni ẹ ó fi máa dá iye lé e. Bí oúnjẹ tí ẹ dì, omi tàbí ìpara ni ẹ̀ ń tà, ẹ gba nọ́ńbà NAFDAC kí ẹ tó kéde rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ó ń wo àìsàn tí kò wò.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn gbájúẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù yín fún òun, bí ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ pásítọ̀ ni ó fi pè, ẹ má ṣe kà á. Bí wọ́n bá fi àlẹ́ẹ̀tì owó hàn yín, ẹ wo inú àkáǹtì yín gan-an kí ẹ tó gbé ọjà sílẹ̀. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ má ṣe dá nìkan gbé ọjà lọ sí ilé ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí. Ibi tí èrò wà ni kí ẹ ti pàdé.

A sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe sọ ẹgbẹ́ àdúrà orí WhatsApp di ọjà. Ohun tí Olúwa ṣe fún àwọn tó ń tajà nínú tẹ́ḿpìlì wà nínú Jòhánù orí 2. Ẹni tó ń wá àdúrà fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọsibítù kò yẹ kí ó bá ìpolówó bàtà pàdé níbẹ̀. Bí ìjọ bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ṣètò ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ fún àwọn oníṣòwò.

Fóònù kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọlọ́run inú ilé. Ẹ dá wákàtí kan tí ẹ ó máa gbé e sílẹ̀ lálẹ́, kí ìdílé lè jẹun, kí wọ́n sì gbàdúrà pọ̀. Oníbàárà tó dára yóò dúró di òwúrọ̀.

Ohun Tí Ìdílé Lè Ṣe Lọ́sẹ̀ Yìí

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ yìí, kí baba, ìyá àti àwọn ọmọ tó ti gbọ́njú jókòó pọ̀. Àwọn ọmọ mọ fóònù, àwọn òbí mọ oníbàárà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ohun tí wọ́n lè kọ́ ara wọn. Ẹ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin yẹn. Ẹ yan ìkànnì kan ṣoṣo tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì yan iye owó tí ẹ kò ní kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ di ọwọ́ ara yín mú, kí ẹ gbé iṣẹ́ náà lé Olúwa lọ́wọ́.

Kí Ẹni tó fi apá ibi tí ẹja wà han àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ fi ọ̀nà han ẹ̀yin náà. Kí ó bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín, kí ó sì jẹ́ kí owó tó bá wọlé jẹ́ owó tí ẹ lè fi orúkọ rẹ̀ ná. Ní orúkọ Jésù. Àmín.